Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Lójú Kọ̀ǹpútà

Nóòtì ń tú sójú kọ̀ǹpútà bí ìjàlọ tí òjò lé jáde nínú ihò. Wọ́n dúdú, wọ́n kéré, wọ́n ń gun orí ara wọn. Ìlà márùn-ún tí orin ń jókòó lé kò ríbi mí mọ́.

Ìbídùn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Orin tuntun tí ọkọ rẹ̀ ṣe nìyí. Akínbọ̀dé ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn n'Íléṣà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Láàárọ̀ yìí ló fi dùùrù oníná tẹ orin náà, tí fáìlì MIDI sì gbà á sílẹ̀. Fáìlì MIDI kì í gba ohùn. Kì í gba èrò. Ọwọ́ ló ń gbà: ibi tí ìka kàn, ìgbà tó kàn án, ìgbà tó kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ Akínbọ̀dé sì ti ń gbọ̀n láti èṣí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ẹgbẹ́ akọrin máa kọ orin yìí, ẹlòmíì ni yóò tẹ dùùrù. Ohun tó bá wà nínú ìwé orin tí kọ̀ǹpútà kọ láti inú fáìlì náà ni yóò tẹ̀.

Gbogbo gbígbọ̀n náà ló wà nínú ìwé. Níbi tó ti fẹ́ tẹ ohùn kan, ó di mẹ́ta. Níbi tó ti fẹ́ dákẹ́, ohùn wínníwínní ń kán sílẹ̀ bí omi òrùlé lẹ́yìn òjò.

"Ìyá Dọ̀tun, ṣé ó ti jáde?" Lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Akínbọ̀dé ti ń béèrè.

"Ó ń bọ̀, Bàbá Dọ̀tun. Ẹ ṣe sùúrù."

Kò fẹ́ kó rí i. Ó yára pa á dé, ó tún fáìlì náà gbé wọlé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bi í pé nóòtì tó kúrú jù lọ wo ni kí òun kọ, ó yan èyí tó gùn díẹ̀. Èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e mì.

Ojú ìwé mọ́. Ojú ìwé tutù. Ojú ìwé tẹ́ rẹrẹ, ọkàn Ìbídùn náà sì tẹ́ rẹrẹ. Ó jẹ́ kó dún, ó ń fi ọ̀rọ̀ sí i: Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé mi ró.

Ohùn òkè tó yẹ kó gbé "wọ́" kò sí níbẹ̀. Kúkúrú ni, kọ̀ǹpútà ti gbé e mì mọ́ àwọn yòókù, ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti sún wá gba àyè rẹ̀. Ọwọ́ ti di ọwọ̀.

Bàbá Dọ̀tun bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbálẹ̀ Olúwa ló wá gbé mi ró? Wọ́n á ní mo ti ń ṣarán!"

Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

"Jẹ́ n rí ti àkọ́kọ́," ló wí. "Èyí tó o pa dé yẹn."

Ìbídùn ṣí i. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú, ó ń wò ó, ó ń wò ó.

"Báyìí ni ọwọ́ mi ṣe ń ṣe?"

Ìbídùn lè sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Báyìí ni."

Akínbọ̀dé fa àga, ó jókòó tì í. Ó na ìka tó ń gbọ̀n síwájú. "Èyí, gbígbọ̀n ni. Yọ ọ́." Ìbídùn yọ ọ́. "Èyí, orin ni. Fi í sílẹ̀." Ó fi í sílẹ̀. Yọ ọ́, fi í sílẹ̀. Yọ ọ́, fi í sílẹ̀. Wọ́n ń ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, títí oòrùn ọ̀sán fi ràn sára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóde.

Nóòtì kékeré kan rọ̀ mọ́ èyí tó kẹ́yìn orin. Ìka Akínbọ̀dé dúró lórí rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?" ni Ìbídùn bi í.

"Mi ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó lè jẹ́ ọwọ́. Ó lè jẹ́ èmi."

Ìbídùn kò yọ ọ́. Ó jẹ́ kí orin náà dún láti ìbẹ̀rẹ̀. Orin gòkè, orin sọ̀ kalẹ̀, orin dé ìparí. Nóòtì kékeré náà dún, kò sì tètè lọ létí wọn.

"Ó dùn," ni Bàbá Dọ̀tun wí.

"Ó dùn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó dùn."