Mẹ́rìndínlógún

Zulaykha tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Ìkàrẹ́, ọmọ ilẹ̀ Tógò ni, òun àti ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ọ̀kà ló ti ń kọ́ aṣọ rírán.

Lọ́jọ́ Ajé ó sunkún wọlé. Ó ti ba aṣọ kẹta jẹ́. Àǹtí Mary, tíṣà wọn, ní bó bá tún ba ọ̀kan jẹ́, kó jókòó sílé.

“Kí ló ní kí o gé?”

“Ọrùn aṣọ, Màmá. Yíká rẹ̀, ínṣì mẹ́rìndínlógún.”

“Mélòó lo wá gé?”

Ó fa téèpù yọ, ó fi ìka lé e. Mẹ́rìnlélógún. Ọrùn tó fẹ̀ báyẹn, èjìká ni yóò ti bọ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ó sì rẹ̀ mí. Ọmọ Àrìgìdì lèmi, èdè tiwa, tí kì í ṣe Yorùbá, ni wọ́n fi tọ́ mi. Nígbà tí mo di ìyàwó ní Ìkàrẹ́, ìyá ọkọ mi ní kí n ru iṣu mẹ́rìndínlógún wá láti oko. Mẹ́rìnlélógún ni mo rù. Ọrùn mi kò tíì gbàgbé. Àwọn ìyàwó ilé bá sọ mí ní Ìyàwó Kìídín.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Zulaykha gun ọ̀kadà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ọ̀kà, pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

“Màmá,” Àǹtí Mary wí, “àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń pe òǹkà fún àwọn yòókù, mo wá ń fi Yorùbá pè é fún òun nìkan. Ó sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́.”

“Ó gbọ́ mẹ́rin, ó gbọ́ ogún. Dín ni kò gbọ́. Kọ ọ́ sójú pátákó fún un.”

“Ọmọ méjìlélógójì ló wà níwájú mi, Màmá. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Ó rẹ èmi náà. Kọ ọ́.”

Ó mí kanlẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 16, ó sì fún un ní aṣọ mìíràn. Zulaykha wo pátákó, ó wo téèpù, ó gé e. Àǹtí Mary wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

“Kó máa bọ̀ lọ́la,” ló wí, ó sì kọjú sí àwọn yòókù.

Nígbà tí a dé ìta, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. A jókòó sórí àpáta.

“Màmá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?”

“Méjìdínlọ́gọ́rin.”

Ó ronú títí. Ó ṣa igi tín-ín-rín kan, ó fi lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ kọ ọ́.”

Mo kọ 78 sínú eruku. Méje mi kọ ẹ̀yìn síwájú, ṣùgbọ́n ó kà á.