Àwo Kan Láàárín Igi Rọ́bà

Bí ẹ bá fẹ́ fa ìjà lẹ́sẹ̀ Jùwọ́nlọ́lá Adéyẹmọ, ẹ sọ pé kí wọ́n gé igi kan ṣoṣo nínú igbó rọ́bà tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn àwọn Aládùúrà ní Igbotako. Ẹ kàn sọ ọ́, kí ẹ sì tètè wá ibi sá sí.

Olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ni. Òun ló la ọ̀nà gọ́ọ̀fù aláwo sínú igbó yẹn. Àwo ike pẹlẹbẹ ni wọ́n ń jù nínú eré náà, títí yóò fi bọ́ sínú agbọ̀n irin tí ṣéènì rọ̀ yí ká. Ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ní pápá gbalasa, ẹni tó lápá ló ń yangàn. Nínú igbó Jùwọ́nlọ́lá, apá nìkan kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀nà ibẹ̀ kúrú, ó há, igi rọ́bà àtijọ́ tò síbẹ̀ gbágbáágbá, igbó sì ti dí àárín wọn. Àdá ló fi ṣán an, tó ń gbé ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ igi, kò sì gé ọ̀kan. Bó bá ń mú àlejò rìn níbẹ̀, ẹ ó rò pé ààfin ló ń fi hàn wọ́n.

Ilẹ̀ àdúrà ni igbó náà. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Philemon, ló bá a bẹ àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, tòfin tòfin sì ni. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ bàtà wọ ibẹ̀. Bí agogo àdúrà ọ̀sán bá sì dún, ibi tó bá ti bá kálukú ni yóò kúnlẹ̀ sí.

Ìgbà náà ni Kóòṣì Àlàmú dé láti Àkúrẹ́. Ó wá wò ó bóyá wọn lè gbé ìdíje ìpínlẹ̀ wá síbẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, apá rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ náà ò sì kúrú. Ó wo ọ̀nà àkọ́kọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, pápá kọ́ lèyí, ihò ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ẹ gé igi wọ̀nyí kúrò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a ó gbé ìdíje wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Òǹdó la ń lọ."

Àwọn àgbà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé àwọn gbà. Ìdíje odindi ìpínlẹ̀, ní Igbotako! Alàgbà Philemon pàápàá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọma mi, igi rọ́bà ṣá ni. Kò sẹ́ni tó ń gba oje rẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Jùwọ́nlọ́lá wọnú egungun. Àjèjì lè sọ ọ́, àmọ́ bàbá rẹ̀ mọ bó ṣe làágùn níbẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ ká jọ jù ú," ló wí. "Bí mo bá borí yín, igi kankan ò ní kú, ìdíje á sì wá. Bí mi ò bá borí, èmi fúnra mi ni màá gbé àdá fún wọn."

"Mo gbà," ni Àlàmú wí kíá, bí ẹni tí wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ lọ̀.

"Gbogbo wa gbọ́ o," ni Alàgbà Philemon wí.

Wọ́n bọ́ bàtà. Àlàmú ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ iná. Ó fi gbogbo agbára ju àwo àkọ́kọ́. Gbà! Ó lu igi, ó ta padà, díẹ̀ ló kù kó mú etí rẹ̀ lọ. Bùsọ́lá, ọ̀rẹ́ Jùwọ́nlọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìrẹ̀lẹ̀, tí wọ́n ní kó máa ṣírò jíjù, fi gèlè bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde.

Jùwọ́nlọ́lá kò bá agbára ṣeré. Ó ń ju tirẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń gbà á láàárín igi méjì bí ẹni ń ti okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Níbi tí ẹ̀ka ti dí òkè, ó yí àwo nílẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń yí táyà, ó ń lọ gbiri gbiri títí dé ìdí agbọ̀n. Àmọ́ Àlàmú kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tó yá, ó dín agbára kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e bá. Nígbà tí wọ́n fi dé agbọ̀n ìkẹyìn, jíjù kan péré ni Jùwọ́nlọ́lá fi ṣíwájú.

Ibẹ̀ ni ìyọnu ti dé. Àwo Àlàmú balẹ̀ sí ìdí agbọ̀n gan-an, bó bá tún jù ú lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé. Ti Jùwọ́nlọ́lá lu igi, ó já sẹ́yìn igbó tó dí. Bí jíjù rẹ̀ tó kàn bá wọlé, ó ti borí. Bí kò bá wọlé, wọ́n di ọgbọọgba, ọgbọọgba ò sì ní gba igi kankan là. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ewé nìkan ló rí.

Agogo ọ̀sán dún.

Gbogbo wọn kúnlẹ̀ níbi tó bá wọn. Àlàmú wò yíká, òun náà kúnlẹ̀. Jùwọ́nlọ́lá kúnlẹ̀ sídìí àwo rẹ̀, ó ní kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ojú ti òun lójú bàbá òun. Nígbà tó la ojú, ó rí ohun tí kò rí lórí ìdúró. Ìsàlẹ̀ igbó náà ṣófo. Ewé ò bẹ̀rẹ̀ títí tó fi dé ìwọ̀n ìbàdí, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ṣéènì agbọ̀n ti ń dán nínú oòrùn.

Wọ́n ṣe àmín, gbogbo èèyàn dìde. Jùwọ́nlọ́lá kò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti na apá, tó fi àwo náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó fò lábẹ́ ewé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó gbéra sókè díẹ̀, ṣéènì sì dún ṣanranran.

"Kóòṣì," ni Alàgbà Philemon wí, "ṣé òfin gba kéèyàn kúnlẹ̀ jù ú?"

"Ó gbà á, Bàbá." Àlàmú mi orí, ó na ọwọ́ sí Jùwọ́nlọ́lá, ó fà á dìde. "Tíṣà, n kò rí pápá tó fojú mi rí màbo báyìí rí. Ibí la ń gbé ìdíje bọ̀, bó ṣe wà yìí."

Bùsọ́lá pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ṣì ń kùn pé ó yẹ kí wọ́n ṣáà gé èyí tó wà níwájú, kí èrò lè ráyè wòran. Ó kọjú sí Alàgbà Philemon pé kí ló wí sí i.

"Ẹ má bi mí," ni bàbá náà wí. Inú rẹ̀ ń dùn débi tí kò lè fi í pa mọ́. "Ẹni tó ni pápá ni kí ẹ bi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbàdúrà nínú igbó yẹn, ọ̀rọ̀ gbígbá ilẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń bá obìnrin sọ. Nísinsìnyí, gbogbo wọn yíjú sí Jùwọ́nlọ́lá, wọ́n dúró dè é. Orí rẹ̀ wú.

"Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn," ló wí.

Àwọn àgbà ní ó dáa.