Ìwé Mítà Ọ̀sán

Ìgò òjò tó fọ́ nílé ìwé wọn ní Ifọ̀ lọ́dún 1986, Bádéjọ kọ́ ló fọ́ ọ. Òun ni wọ́n yàn ní kíláàsì karùn-ún pé kó máa wo iye òjò tó bá rọ̀ sínú ìgò náà, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá àfọ́kù nílẹ̀, Adéyanjú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà ní kíláàsì kẹfà, dìde níwájú ọ̀gá àgbà.

“Bádéjọ ni, sà. Mo rí i.”

Bàbá wọn kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun ò ní í rán abanǹkanjẹ́ lọ sílé ìwé mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Bádéjọ ti wà lọ́dọ̀ ajórin kan ní Akute, ó ń di irin mú fún ọ̀gá.

Bádéjọ kì í gbàgbé nǹkan. Láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé bàbá wọn, kò jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Bó bá débẹ̀, omi inú ọ̀rá tó rà lọ́nà ló máa ń mu.

Tolúwalọpẹ́, ọmọ Adéyanjú, nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú rẹ̀. Ọmọ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná oòrùn ní yunifásítì. Lọ́dún tó kọjá, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Dádì Ifọ̀, ẹ bá mi jó irin ilé tòmátì tí mo fẹ́ kọ́ sẹ́yìnkùlé dádì mi ní Lotto, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mowe. Ẹ̀yin náà lẹ ó máa bá mi ka mítà.”

“Èmi? Ṣé o mọ ibi tí mo kàwé dé?”

“Ẹ mọ nọ́ńbà, ẹ kì í parọ́. Kí ló tún kù?”

Ilé ọ̀rá ni wọ́n kọ́ fún tòmátì náà. Wọ́n tẹ́ sólà mẹ́fà sórí òrùlé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mítà tó ń ka iná rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe onígíláàsì tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó pọ́n bíi zobo. Ó ń fa iná nínú oòrùn, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó kù kọjá sára tòmátì. Ohun tí yunifásítì fẹ́ mọ̀ ni bí oòrùn, òjò àti eruku Mowe ṣe máa ṣe é láàárín ọdún kan.

Lójoojúmọ́, ní aago méjìlá ọ̀sán, Bádéjọ á ka mítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á fi báírò kọ wọ́n sínú ìwé, á sì fa ìlà sábẹ́ wọn bí tíṣà ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Nọ́ńbà sólà mẹ́rin àkọ́kọ́ á gbéra sókè lọ́jọ́ kan, kò ní í pẹ́, á já wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Méjì tó kù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mítà sọ ni Bádéjọ kọ.

Lóṣù kejì, Tolúwalọpẹ́ dé, kò lè wo ojú rẹ̀.

“Dádì Ifọ̀, àwọn ọ̀gá mi ní oòrùn kì í fò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ kì í wo mítà, pé nọ́ńbà tó bá wù yín lẹ̀ ń kọ. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó kàwé.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?”

Ọmọ náà na ọwọ́ kó lè gba ìwé mítà náà. Ìyẹn dun Bádéjọ ju ẹgba bàbá rẹ̀ lọ. Adéyanjú jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Mi ò gbé ìwé yìí sílẹ̀,” Bádéjọ wí. “Gbé àkàbà. Gòkè, kí o fọwọ́ pa ojú ọ̀rá yẹn.”

Tolúwalọpẹ́ gòkè. Kò pẹ́ tó fi pariwo. “Ó ti họ! Mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí ti họ yánnayànna! Méjì tí ọwọ́ ò tó ṣì ń dán. Ta ló fi irin ha á?”

Bádéjọ wo ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀, kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò sì wà nínú rẹ̀. Èérún ọ̀rá pupa há sí i lára. Ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.”

“Eruku ọyẹ́ ló bò ó,” Adéyanjú wí. “Mo ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, kí àbúrò mi tó dé. Mo fẹ́ kí nọ́ńbà ọmọ mi dára. Lọ́jọ́ tí mo bá fọ̀ ọ́, ó máa ń gbéra.”

“Dádì! Ẹ jókòó síbí, ẹ ń wò mí tí mo ń lé Dádì Ifọ̀?”

Bádéjọ pa ìwé náà dé. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá kọ́ ló ti ń dúró dè. “Ẹ sọ ti ìgò Ifọ̀ fún un pẹ̀lú,” ó wí. “Ìyá wa ò sí mọ́. Ẹ̀rù ta ló tún ń bà yín?”

Adéyanjú ṣí fìlà.

“Ìyá bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni Bádéjọ ló fọ́ ìgò yẹn. Mo ní òun ni.”

Báírò bọ́ lọ́wọ́ Bádéjọ. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

“Tolú,” Adéyanjú wí, “èmi ni mo fọ́ ìgò òjò náà. Àbúrò mi ò tiẹ̀ tíì dé ilé ìwé. Èmi ni mo fọ́ ọ, mo sì parọ́ mọ́ ọn.”