Ẹni Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Ń Pè Ní Àǹtí

Lórí àtẹ̀gùn ilé kan ní Lurup, ní ìlú Hamburg, Múríkátù dúró, ó di irin mú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ń ta pọ́pọ́ bí àgbàdo inú iná.

"Ẹ wò mí o," ó sọ fún ògiri. "Ìdí bí àpò ìrẹsì, ó ní òun ń lọ kúnlẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ tán, àfi kí wọ́n pe panápaná wá gbé mi."

Ìwé ló lé e jáde ní Lichtenberg, ní Berlin, láàárọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Amelie ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ka ìtàn òyìnbó kan fún iṣẹ́ ilé-ìwé, ìtàn ìgbà ayé ọbabìnrin Victoria: ọmọbìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, òbí wọn kú, ọ̀kan di ọmọ olówó ní pálọ̀, èkejì ń fọ àwo ní kíṣìnnì ilé kan náà. Ọmọ náà gbójú sókè, ó fi Jámánì bi í pé èwo ni Oma, ìyẹn ìyá àgbà, ń káàánú nínú wọn. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Múríkátù mọ́, òun tó máa ń jẹ ẹran tó sì ń fọ́ eegun.

Nígbà tí òbí tiwọn kú ní Abẹ́òkúta, Ìyáàfin Ògúnṣọlá, olówó kan ládùúgbò, ló kó wọn sọ́dọ̀. Ó wo Múríkátù, ọmọ ọdún márùn-ún, ó sọ ọ́ dọmọ. Qúdrát ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bọ́ sí kíṣìnnì. Òfin ilé ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ máa pe ọmọ ilé ní Àǹtí, kó sì máa kúnlẹ̀ kí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àbúrò. Àbúrò sì gbádùn ẹ̀, ká má purọ́.

Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí Ìyáàfin ti kú. Múríkátù alára ti fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì Berlin títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà tí Àkíbù ti mú Qúdrát ìyá rẹ̀ wá sí Hamburg, "Àǹtí mi" náà ló ń pè é lórí fóònù. Lónìí, Múríkátù fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun pe òun lórúkọ, kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ káàbọ̀ o, Àǹtí mi!" Qúdrát, arúgbó ọdún méjìléláàádọ́rin, ti ń tẹ orúnkún bọ̀ nílẹ̀.

Múríkátù yá jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé. Ẹ foríjì mí. Múríkátù ni kẹ́ ẹ máa pè mí."

Ojú Qúdrát yí padà. "Ẹ dìde! Ẹ dìde kíá, wọ́n á rí yín!"

"Ta ni yóò rí mi? Àwa méjì péré la wà níbí."

Qúdrát bojú wẹ̀yìn, sí ọ̀nà yàrá tó ṣókùnkùn, bí ẹni tó gbọ́ ìró bàtà. Múríkátù náà wo ibẹ̀. Irun ara rẹ̀ dìde.

"Ìyáàfin ti kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pè mí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Arúgbó náà la ẹnu. "Mú…" Ó mirí. "Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín, Àǹtí mi. Ọ̀nà yín jìn."

Ó fà á dìde, ó fi í sórí àga, ó gba kíṣìnnì lọ. Múríkátù ń nu ojú, ó ń bínú sí Ìyáàfin, ó ń bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò lè gbàgbé.

Qúdrát padà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife, ó tẹríba. Ìgbà yẹn ni Múríkátù rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti nà án sílẹ̀ de ife náà, ọwọ́ òsì, dẹngbẹrẹ, láìwo ojú ẹni tó ń bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé Ìyáàfin.

Kò mọ ìgbà tó nà án.