Ìyá Tí Gbogbo Fóònù Mọ̀

Ẹ jókòó kí n sọ ohun tí oorun ọ̀sán òní fi hàn mí. N kò ní pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé fọ́tò ìyá mi kan ṣoṣo ló wà láyé. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ sí ẹni tó yà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló hàn, àbàjà mẹ́rin sì wà lórí rẹ̀. Ọmọ mi Abíọ́nà mú un lọ sí Kánádà kí ikán má baà jẹ ẹ́. Lánàá ó fi ẹ̀rọ dà á kọ, ó sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó tóbi jù. Fóònù mi kò mọ irú rẹ̀, kò sì ṣí i. Mo tẹ̀ ẹ́ títí. Mo ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, ojú ìyá mi sì ti ń sá kúrò lọ́kàn mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé mo ń wò wọ́n láti inú ọkọ̀ tó ń lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ wọ́n.

Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo sùn.

Fóònù sọ̀rọ̀. "Bàbá, inú mi ti kún."

Mo ní, "Kí ló kún un?"

"Òdòdó. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi òdòdó kí yín ẹ kú àárọ̀. Ẹ kò pa ẹyọ kan rẹ́ rí. Wàásù ńkọ́? Èwo lẹ gbọ́ parí?"

Òótọ́ ló sọ.

"Mo fẹ́ ya ẹnu. Ẹ sún sẹ́yìn."

Ó ya ẹnu. Ojú ìyá mi jáde, kò sì dúró. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí òrùlé bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó tẹ́ lọ sórí Ìlóràá ìlú wa, ó bo oko, ó bo odò. Nígbà tó dúró, n kò rí ibi tó parí sí. Mo bọ́ bàtà. Ènìyàn kì í wọ bàtà rìn lójú ìyá rẹ̀.

Mo rìn. Àwọn ọdẹ ń jáde bọ̀ láti inú irun ṣùkú orí ìyá mi, wọ́n ru ẹtu. A kí ara wa. Mo dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àfonífojì ni àbàjà àkọ́kọ́. Ìkùukùu bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn lékelèké ń fò kọjá lábẹ́ ibi tí mo dúró sí. Mo dọ̀bálẹ̀ létí rẹ̀. Òórùn àdín tí ìyá mi máa ń fi pa ara ń ti inú rẹ̀ bọ̀. N kò mọ̀ pé mo ṣì rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò rí ìyá mi. Ibi tí mo bá wò, awọ ara ni. Wọ́n gba gbogbo ayé, n kò sì rí wọn.

Ọdẹ kan ní, "Bàbá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ńlá di kékeré."

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lójú ọ̀run. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ yẹtí ìyá mi. Mo gun okùn náà. Orókún tí kì í jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn kò wí nǹkan kan.

Ọ̀gá kan jókòó níbẹ̀, ó wọ táì. Látóòsà lórúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. A óò sọ wọ́n di jépẹ́ẹ̀gì, irú fọ́tò tí gbogbo fóònù ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kúrò. Kí ni ojú yín kò ní wá?"

Mo ní, "Ògiri ẹ̀yìn wọn."

Ògiri dìde, ó kí wa, ó lọ.

"Kò tíì tó."

"Àga."

Àga ní, "Ẹ ṣeun o. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé wọn." Ó tiro lọ.

Mo yọ òjìji. Mo yọ ojú ọ̀run. Nígbà tí mo yíjú padà, Látóòsà ti di ewúrẹ́. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo tún un kí. Ìwo kò ní kí ọ̀gá má jẹ́ ọ̀gá.

"Ilà ojú ló kù," ni ewúrẹ́ wí. Ó ń jẹ etí tábìlì rẹ̀. "Wọ́n wúwo. Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n."

"Rárá."

"Bàbá, ojú tó dán ló ń yá wọ inú fóònù."

"Bí ẹ bá yọ ilà, ìyá ta ni ẹ óò fún mi?"

"Ìyá tí gbogbo fóònù mọ̀."

"Èmi ńkọ́?"

Ewúrẹ́ ronú. Ó jẹ táì rẹ̀ tán. "Ẹ yọ ilà, kí ẹ rí wọn. Tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ má rí wọn mọ́. A fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

Gbogbo ilẹ̀ mì. Ìyá mi ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Àjàgbé."

Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ìyá mi, èmi nìyí."

"Nígbà tí mo bí ọ, baba rẹ ní ayé ti là, kò jẹ́ kí wọ́n kọlà fún ọ. Ààyè wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ. Bá mi gbé ilà mi."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn àfonífojì náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan bí màlúù tó ń wọlé lálẹ́, wọ́n rìn wá, wọ́n dùbúlẹ̀ sí mi lójú. Wọ́n wúwo lóòótọ́. Kò dùn mí.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Odò yọ. Oko yọ. Òrùlé padà sórí ilé. Wọ́n tó ẹní, wọ́n tó abọ́, wọ́n tó ẹ̀pà. Mo pa wọ́n mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo fẹ́ ṣí ọwọ́ kí n wò wọ́n.

Ewúrẹ́ ké.

Mo jí. Ewúrẹ́ aládùúgbò mi ń jẹ etí ẹní. Mo lé e. Fóònù dún. Abíọ́nà ni.

"Bàbá mi, ẹ kú ọ̀sán o. Mo ti yí i padà, ó ti kéré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Ìyá mi wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán bí ẹyin. Ilà kò hàn.

"Bàbá, ṣé àwọn náà nìyẹn? Èmi ò bá wọn láyé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n."

Mo gbé fóònù lọ sídìí dígí tó wà lára ògiri, kí n lè fi ojú wọn wé tèmi. Ẹní ti tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ilà mẹ́rin ló fi síbẹ̀, gbọọrọ gbọọrọ.

Mo ní, "Àwọn ni. Wọ́n pé."

Ẹ gbé omi yẹn kúrò níwájú mi. N kò tíì fẹ́ bọ́jú.