Ọ̀nà Tí Onífìlà Ìyẹ́ Gbà

Karimat, ọmọ ọmọ mi, ló ń mú àwọn àlejò kiri ìlú. Bí wọ́n bá wá láti Èkó tàbí láti òkè òkun, òun ni yóò kó wọn gun àtẹ̀gùn Mápó, tí yóò fi àwọn òrùlé páànù tó ti dógùn-ún hàn wọ́n, kí ó tó kó wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ọjà'ba. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló ti bá Basit pàdé, ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò fún àwọn àlejò, oníwà pẹ̀lẹ́, tí kì í kí mi láìdọ̀bálẹ̀. Inú mi dùn sí i títí di ọjọ́ tí mo bi í pé ọmọ ilé ta ni. Ó ní ọmọ agboolé Onígàárì ni òun, ní Bẹyẹrúnkà, pé Fàsásì ló bí bàbá òun.

Mo yí ojú kúrò lára rẹ̀. Karimat náà rí i.

Kò sí ẹni tó dàgbà nínú agboolé Olófì tiwa tí kò mọ̀ pé a kì í fọmọ fún ilé Onígàárì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àrùn. Ogun Hítílà ló fà á. Nígbà náà òyìnbó ló gba ìlú, ohun tí wọ́n bá wí labẹ gé. Ọ̀gá kan láàárín àwọn ológun wọn wá sí Ìbàdàn, ó ní òun fẹ́ rìn yí ìlú ká kí òun fojú ara òun rí i. Ìyẹ́ funfun ni wọ́n fi ṣe fìlà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àwa ọmọdé sì sọ ọ́ ní Onífìlà Ìyẹ́. Ẹni tó mú un kiri ni Sàláúdéènì, bàbá Fàsásì, tó gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀ nítorí pé ó ti se oúnjẹ fún wọn rí.

Kí ọkùnrin yìí tó dé ni ìròyìn ti gba ìlú kan pé ọmọkùnrin tó bá ti sìgbọnlẹ̀, wọn yóò kó o lọ sógun Bọ́mà. A ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró dìgbà tí yóò mọ̀? Àwọn ará ilé wa kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pamọ́ sábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé. Àlejò ńlá kì í gba ẹ̀yìn wọlé, ẹnu ọ̀nà iwájú ni gbogbo wọn ń ṣọ́.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni Sàláúdéènì mú un gbà. Ó bá àwọn ọmọ wa níbẹ̀, wọ́n tò sílẹ̀ bí iṣu. Wọ́n ní Onífìlà Ìyẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kí wọn, ó kọjá. Kò pẹ́ sí i tí àwọn akódà fi dé, tí wọ́n mú Nojeem, àbúrò bàbá mi, lọ. Nojeem kò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ilé Onígàárì ní ilé afọ̀nàhàn, àwọn ọmọ wọn kò sì lè pọn omi kí wọ́n má gbọ́ ọ.

Àkíbù, àbúrò mi, ni Mọ́gàjí wa báyìí. Nígbà tí Karimat lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní kó wá ọkọ síbòmíràn, pé Ìbàdàn tóbi. Ó ní bí òun bá gbà á, kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn tó sùn sínú ilé yìí bí òun náà bá dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọmọ náà sunkún wá sí yàrá mi. Ó ní òun kò ní lọ sílé ọkọ láìsí ẹni tó sin òun lọ, òun kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Karimat kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Mo rí i pé bí a kò bá tú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ yìí yóò gbó mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní àwọn òyìnbó tọ́jú àwòrán ìrìn Onífìlà Ìyẹ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára, òun sì ti rí mẹ́ta níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, Onífìlà Ìyẹ́ wà lórí àtẹ̀gùn Mápó. Nínú èkejì, ó wà láàárín àwọn obìnrin Ọjà'ba, ojú gbogbo wọn le kókó. Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri alámọ̀. Sàláúdéènì wà níwájú, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ abíyá, ó na ọwọ́. Mo mọ ògiri náà. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ni.

A fi han Àkíbù. Ó wò ó títí, ó wá ní ṣé a rí ọwọ́ tó nà yẹn, àbí a tún fẹ́ kí ògiri fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Karimat ní òun fẹ́ rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ilé méjèèjì wà níbẹ̀, kí olúkúlùkù sọ èyí tó gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àkíbù ní òun yóò tẹ̀ lé wa, kí òun lè fi ibi tí bàbá Fàsásì dúró sí hàn án lójúkorojú. Mo rán Basit pé kó lọ pe bàbá rẹ̀ àgbà.

Àárọ̀ Sátidé la pàdé ní Mápó, kí oòrùn tó mú. Fàsásì gbé ọ̀pá rẹ̀ dé, ó wọ jalamíà funfun, ó tẹrí ba kí mi nítorí mo jù ú lọ. Òun àti Àkíbù kò kí ara wọn. Àkíbù kọjú sí ọ̀nà Bẹẹrẹ bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Karimat bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wa bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò, ó ní ibí ni wọ́n ti pàdé, ibí ni àwọn ìjòyè ti kí i. Ẹsẹ̀ mi kò gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kẹ̀kẹ́ náà sì ń wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ọlọ́kadà kan bi àwọn bàbá méjèèjì bóyá wọ́n ń sáré ìje ni. Obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ dúdú sì pe Karimat, ó ní, “Karimat, àlejò tòní mà gbó o.” Fàsásì rẹ́rìn-ín. Àkíbù kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ mì díẹ̀.

Ní Ọjà'ba ni Fàsásì ti kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní bàbá òun sọ pé ibẹ̀ ni Onífìlà Ìyẹ́ ti rí bàbá arúgbó kan tó wọ dàńdógó òfì, tó fọwọ́ pa á lára, tó bèèrè ibi tí wọ́n ti ń hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjòyè ló dáhùn pé ilé Olófì ni. Òyìnbó náà ní òun gbọ́dọ̀ rí i.

Àkíbù yíjú sí i. Ó ní ohun tí àwọn bàbá wa sọ fún àwa ni pé Sàláúdéènì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá sílé wa.

Fàsásì ní, “Bàbá mi ò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ níwájú wọn, Mọ́gàjí. Ta ní ń bi kúùkù léèrè ọ̀nà?”

A gba Bẹẹrẹ kọjá, a sì dé orígun tí ọ̀nà ilé wa ti yà. Karimat dúró. Ẹnu ọ̀nà iwájú wa hàn gbangba láti ibẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ. Ó bèèrè pé kí ló wá dé tí wọ́n yí gba ẹ̀yìn. Àkíbù ní ohun tí òun ti ń wí láti àárọ̀ nìyẹn.

Mo sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, Basit dì mí mú, a rìn wọ ọ̀nà tóóró náà. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ògiri náà báyìí, gọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fàsásì fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó wo ògiri náà fún ìgbà díẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

“Àlàájà, ẹ̀yin lẹ wà láyé nígbà yẹn. Ta ló wà ní yàrá iwájú, lójú ọ̀nà àbáwọlé?”

N kò ronú jìnnà. Bàbá wa àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún náà. Waliyat, ìyá tó bí bàbá wa àti Nojeem, ló wà ní yàrá iwájú, ó ń ṣe tákàbà. Opó mùsùlùmí, inú ilé ni yóò jókòó sí títí oṣù mẹ́rin àti díẹ̀, ojú ọkùnrin àjèjì kò sì gbọdọ̀ kàn án. Kò sì sí ẹni tó lè gba iwájú wọlé wa nígbà náà kó má kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi tì í, èmi ni mò ń bu omi àlùwàlá fún un.

Mo ní, “Ìyá wa àgbà ni. Inú tákàbà ló wà.”

“Bàbá mi wà níbi fìdáù ọkọ wọn, ó mọ̀ pé opó wà lójú ọ̀nà,” Fàsásì ní. “Ó ní òun kò lè kó ọ̀wọ́ ọkùnrin àjèjì gba iwájú obìnrin tó ń ṣe tákàbà kọjá. Ọwọ́ tí ẹ rí yẹn, ó ń sọ fún òyìnbó pé kì í ṣe ibẹ̀un, ìhín ni. Kò mọ̀ pé ẹ kó ẹnì kankan pamọ́ sẹ́yìn. Ta ni ì bá sọ fún un, òun tó ti jẹun ilé òyìnbó?”

Àkíbù ní, “Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Ìyá yín àgbà ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Wọ́n wá bá a nílé, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní bí ìlú bá gbọ́, wọn yóò ní tákàbà òun ló ta ọmọ òun, òun kò sì ní lè gbé e. Bàbá mi ṣèlérí. Ìgbà tí ikú fẹ́ mú un ló tó sọ fún mi. Èmi náà dákẹ́ títí òní. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèlérí ti lọ, àwọn ọmọ yìí ló kù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ. Ọjọ́ tí ìyá wa àgbà jáde tákàbà, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, gbogbo wa rò pé ilé bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ mi ló fà, ó di Bẹyẹrúnkà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí wọ́n sá awọ sí, wọ́n bu ẹ̀pà fún mi. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú ilé. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó ní kí n má bi òun léèrè ohunkóhun, n kò sì bi í. Títí ó fi kú, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Sàláúdéènì ṣépè nínú ilé wa, yóò dìde ni, yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ni.

Mo sọ èyí fún wọn bí mo ṣe rántí rẹ̀. Àkíbù jókòó sórí etí gọ́tà, tòun ti agbádá rẹ̀. Ó ní:

“Nítorí ọ̀wọ̀ ìyá wa àgbà ni wọ́n fi rí ọmọ rẹ̀.”

Mo ní, “Má wí bẹ́ẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni wá. Ogun ló mú Nojeem.”

Ó mi orí. Nígbà tó yá, ó wojú Fàsásì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó ní kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Karimat di etí aṣọ mi mú. Ṣùgbọ́n Fàsásì kò dúpẹ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bàbá òun wọ ilẹ̀ tòun ti orúkọ tí a sọ ọ́. Bí òun bá kó ẹbí wá báyìí, wọn yóò ní òun fi orúkọ bàbá òun ra ìyàwó fún ọmọ. Kí ẹnì kan láti ilé Olófì kọ́kọ́ wá sọ ọ́ lójú gbogbo ilé òun pé Sàláúdéènì kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Àkíbù dìde. Ó bèèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é rí, tí ilé ìyàwó ń kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ. Ó ní wọn yóò ní à ń kiri ọmọ wa. Òótọ́ ló sọ. Fàsásì náà kò purọ́. Basit ń wo ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Mo ní kí Mọ́gàjí dúró sílé rẹ̀. Èmi ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mo ti dọmọ-osú, ilé bàbá mi ni mo wà. Ọmọ-osú kì í ṣe ìyàwó tí yóò gba àṣẹ kó tó jáde, kì í sì í ṣe Mọ́gàjí tí wọn yóò ní ó wá tọrọ àna. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀rọ̀, ilé bàbá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Fàsásì ní òun yóò kó ilé òun jọ dè mí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Onígàárì kún, àwọn ìyàwó gbé ọmọ dání, àwọn ọmọkùnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fún mi ní àga. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá wa àgbà fún wọn láìfi ohunkóhun pa mọ́, àti tákàbà rẹ̀, àti ọ̀nà ẹ̀yìn, àti ìlérí. Mo ní orúkọ tí ilé Olófì sọ Sàláúdéènì, irọ́ ni, èmi ọmọ ilé náà ló wá gbé e kúrò lórí rẹ̀.

Zulaihat, àbúrò Fàsásì obìnrin, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú láti kékeré. Ó ní nítorí orúkọ yẹn, òru ni òun máa ń lọ pọn omi nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó ní òun gbọ́. Ó yọ ojú wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni tó ń wá ènìyàn.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ dá wá ni, Àlàájà? Mọ́gàjí yín ńkọ́?”

“Mọ́gàjí wà nílé. Ó ń retí àna rẹ̀.”

Zulaihat wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fàsásì ní kí wọ́n bu omi fún mi mu, kí a lè jọ dá ọjọ́ ìtọrọ.