Ife Kẹta

1.

"…ọmọ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ tí o máa fẹsẹ̀ tẹ̀ kó máa sáré!"

Bàbá ọmọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan níta. Ìyá ọmọ, télọ̀, ò gbójú sókè. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kì í gbélé kì í ṣòfin ilé.

2.

LÓRÍ ÒGIRI, LẸ́YÌN PÉPÀ TÍ TÉLỌ̀ FI Ń GÉ AṢỌ

Jí. Bọ́jú. Kàwé sáyẹ́ǹsì.
Ilé ìwé.
Dé. Jẹun. Kàwé sáyẹ́ǹsì.
Ìbéèrè àti ìdáhùn.
~~Wo ẹ̀wà.~~ MỌ́MÌ Á MÁA WÒ Ó. ÌWỌ KÀWÉ.
Sùn.

3.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì:

*Ẹ káàárọ̀ mà. Kí ọmọ gbin ẹ̀wà sí ife mẹ́ta. Èkíní: omi àti ìmọ́lẹ̀. Èkejì: omi, inú òkùnkùn. Ẹ̀kẹta: ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rí omi rárá. Kó máa wò wọ́n lójoojúmọ́. Ọjọ́ Ẹtì la ó mú ọmọ kan ṣoṣo tó máa ṣojú wa níbi ìdíje.*

4.

Ọmọ kan ṣoṣo.

5.

Ìwé ti télọ̀ dúró níbi tí abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọ yìí ò ní dúró.

Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Síbẹ̀, kó tó jókòó ti ẹ̀rọ láàárọ̀, á gbé omi, á lọ wo ẹ̀wà. Èkíní ti yọ ewé. Èkejì gùn gbọọrọ, ó funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àìsàn dìde. Ẹ̀kẹta: iyẹ̀pẹ̀ lásán, ó là bí gìgísẹ̀.

Ta ló máa fún ọmọ tó gbé iyẹ̀pẹ̀ wá ní ipò kìíní?

Ó ta omi sí i. Díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, díẹ̀ sí i.

6.

ÌYÁ: Kí ni ewé fi ń se oúnjẹ?
ỌMỌ: Mọ́mì, oorun.
ÌYÁ: Oòrùn. Pè é dáadáa.
ỌMỌ: Oorun ni mo wí. Ó ń kùn mí.

7.

Bàbá, láti ojú ọ̀nà: *Ṣé ọmọ ti sùn?*
Ìyá: *Ó ń kàwé.*
Bàbá: *Ìwọ ńkọ́?*



8.

Ọjọ́ Ẹtì. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn ife wá, ó fi àjákù aṣọ bò wọ́n. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn òbí yòókù. Ọmọ dúró ṣánṣán níwájú, ó ń ka ohun tó há sórí.

ỌMỌ: Ife kẹta ò rí omi. Torí náà, kò hù.
TÍṢÀ: Ṣí i.

Ewé méjì. Tútù yọ̀yọ̀.

TÍṢÀ: Ìgbà wo lo wò ó kẹ́yìn?

Télọ̀ ti dìde. Ó ní kí tíṣà jọ̀ọ́, òun lòun mọ̀ nípa ẹ̀. Tíṣà gbọ́wọ́ sókè láìbojú wẹ̀yìn. Ó ní ọmọ lòun bi.

ỌMỌ: Mi ò wò ó rí, sà. Ẹ̀wà Mọ́mì ni.